Àlejò Kan Tí Kò Wọ Inú Ìṣirò

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí Nishimori Hatsue, ìbéèrè ló fi kí mi. Oṣù Kẹfà ọdún 2001 ni. Òjò ti ń rọ̀ ní Sakata fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo sì ń to àwọn ìwé tí wọ́n dá padà sí ilé ìkàwé ìlú níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin kúkúrú kan dúró níwájú tábìlì mi, òórùn sọ́ọ̀sì sóyà ń jáde lára aṣọ rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé èmi ni mo ń kọ́ àwọn àgbà ní kọ̀ǹpútà ní gbogbo Ọjọ́rú.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rọ kan lè rí èèyàn tí ẹ̀rọ kejì kò rí?"

Mo ní kí ó jókòó.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni nígbà náà. Ó ti lo ọdún méjìlélógún ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe sọ́ọ̀sì sóyà, ó ń lẹ bébà mọ́ ìgò. Ọkọ rẹ̀, Tokuzo, máa ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ó jẹ́ ẹni tí kì í fi nǹkan ṣòfò. Bí èèyàn bá dìde níbi oúnjẹ láti lọ tọ̀, Tokuzo yóò pa iná. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹwàá ọdún 1994, ó gbé kéègì jáde láti lọ ra kẹrosíìnì fún sítóòfù. Wọ́n rí kéègì náà ní ẹ̀gbẹ́ afárá, ó kún dé ẹnu, wọ́n sì ti dé e dáadáa. Wọ́n fi àwọ̀n wá inú odò fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọn kò rí Tokuzo.

Hatsue ra kọ̀ǹpútà, ó sì ṣe ojú-ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń wá ọkọ òun. Ohun tó ń yí padà nínú ilé ló ń kọ, ó sì ń fi àwòrán sí i: wọ́n ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, igi èso ẹ̀yìnkùlé so lọ́dún yìí. Ó fi akàlejò méjì sí i, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tí ń ka iye àlejò tó bá wọlé. Ilé iṣẹ́ tó yá a ní àyè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló fún un ní èkíní. Èkejì jẹ́ àwòrán kékeré aláràbarà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fún un. Bí gbogbo wa ti máa ń ṣe nígbà náà, ó kọ òfin sí ìsàlẹ̀ wọn: ẹni tí iye gbáko bá bọ́ sí lọ́wọ́, kí ó jọ̀ọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àlejò.

Nígbà tí akàlejò aláwòrán pé ẹgbẹ̀rún, ìyàwó ilé kan láti Kochi kọ orúkọ rẹ̀, ó sì tọrọ gáfárà pé òun ló tẹ iye náà. Ṣùgbọ́n ti ilé iṣẹ́ ti pé ẹgbẹ̀rún ní oṣù méjì ṣáájú, kò sì sí ẹni tó kọ ohunkóhun. Lójú wa, ìwà àìmọ̀wàáhù gbáà ni kí èèyàn tẹ iye gbáko kí ó sì sá lọ.

Hatsue ní, "Tíṣà, ẹnì kan tẹ̀ ẹ́, ó sì dákẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó lè hu irú ìwà bẹ́ẹ̀, ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jẹun nílé mi."

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ti mọ̀ ọ́n. Ti ilé iṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn, bí ẹnì kan bá tilẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Èkejì kì í ka ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bákan náà, nítorí pé àwòrán ni, kì í rí ẹni tó bá pa àwòrán lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pa á, kí ojú-ewé lè tètè ṣí, kí owó tẹlifóònù tí a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà náà má baà pọ̀.

Ó ní, "Kí owó má baà pọ̀," ó sì wò mí gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ẹnu ara mi ni mo fi dárúkọ ọkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti eré, nítorí ọdún méje ti fẹ́ pé. Lẹ́yìn ọdún méje, ẹbí lè ní kí ilé ẹjọ́ pe ẹni tó sọnù ní òkú. Kimiko, ẹ̀gbọ́n Tokuzo, ti mú ìwé náà wá. Òǹtẹ̀ Hatsue, tí wọ́n ń tẹ̀ dípò ìbuwọ́lùwé, ló kù. Mo wà nílé Hatsue ní ọ̀sán ọjọ́ tí Kimiko bá a sọ ọ́.

Ó ní, "Hatsue, ọdún méje lo ti ń bu ìrẹsì fún ẹni tí a ò mọ̀ bóyá orí tábìlì ni ká gbé e sí tàbí iwájú pẹpẹ òkú. Ìrẹsì yẹn ti tutù jù."

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó yá Hatsue ní àyè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ àwọn tó ń wọlé ránṣẹ́. Àlejò tí akàlejò aláwòrán kò rí ń wá lójoojúmọ́ ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán. Kì í ṣe èèyàn. Ẹ̀rọ kan ní Tokyo ni, tó ń kiri ojú-ewé gbogbo ayé láti ka ọ̀rọ̀ inú wọn. Mo sọ ọ́ fún Hatsue.

Ó wá ní, "Ó yẹ kí n ti mọ̀. Tokuzo kò dé lásìkò rí."

Ó gbà láti tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé náà. Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, mo fi àkọlé kékeré sẹ́nu ọ̀nà ojú-ewé rẹ̀, irú èyí tí àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń rí tí wọ́n fi ń yà kúrò. Mo tún akàlejò aláwòrán ṣe kí ó máa ka gbogbo ìwọlé bíi ti èkejì. Fún ọjọ́ mẹ́fà, iye méjèèjì ń gòkè bákan náà. Ní ọjọ́ keje, ti ilé iṣẹ́ fi ẹyọ kan lé.

Ó fi ẹyọ kan lé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú, àti lọ́jọ́ kẹta. Mo tún béèrè àkọsílẹ̀. Láti orí tẹlifóònù kan ní Kushiro ni wọ́n ti ń wọlé, ní erékùṣù Hokkaido lọ́hùn-ún, kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni, wọ́n sì ti pa àwòrán. Ọwọ́ àlejò yìí ni ẹgbẹ̀rún mẹ́ta gbáko bọ́ sí, kò sì kọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ojú-ewé àkọ́kọ́, ojú-ewé kan ṣoṣo ló máa ń ṣí. Orúkọ ojú-ewé náà ni Gonta.

Mo wá ọ̀nà tó já síbẹ̀, n kò rí i. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ náà.

Mo pe Hatsue. Ó jókòó ti ẹ̀rọ náà, ó sì ṣí Gonta fún mi. Gbólóhùn méjì péré tí òun fúnra rẹ̀ kọ ló wà níbẹ̀: "Kéègì náà wà lẹ́yìn ilé. Mi ò tíì da kẹrosíìnì inú rẹ̀ nù."

Ó ní, "Ajá wa ni Gonta. Ó kú kí Tokuzo tó lọ."

Mo ní, "Nishimori-san, àwọn ará àdúgbò náà mọ orúkọ ajá yín."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ta ni nínú wọn ló wà ní Kushiro?"

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Kimiko tún gbé ìwé náà wá. Hatsue mú òǹtẹ̀ jáde, ó wò ó, ó sì dá a padà sínú àpò rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ìrẹsì tutù. Mi ò lè fi òǹtẹ̀ pa ẹni tó ṣì ń yọjú sí mi."

Kimiko ní, "Tó bá jẹ́ òkú ló ń yọjú ńkọ́?"

"Bó bá jẹ́ òkú náà ni, Kushiro ló ti ń wá."

Ní oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì méjì, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kushiro. Èmi ló ní kí n máa bá òun wo ojú-ewé náà. Ọjọ́ tó fi ẹsẹ̀ tẹ Kushiro ni iye méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bákan náà, wọn kò sì yàtọ̀ mọ́ títí ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì náà fi kógbá sílé.

Mo kọ ọ́ sí i nínú lẹ́tà. Kò fèsì sí apá yẹn. Ohun tó kọ ni pé kùrukùru ibẹ̀ pọ̀, àti pé òun ti rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to ẹja sínú páálí.

Hatsue ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin báyìí. Kushiro ló ṣì ń gbé, nínú yàrá méjì lẹ́bàá èbúté, orúkọ Tokuzo sì ṣì wà nínú ìwé ìdílé wọn lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí alààyè.