Ife Olómi Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Ife kan ní balùwẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Oṣù ààwẹ̀ ni, ọ̀sán gangan, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo lò ó, àwa méjì péré la sì wà nínú fúláàtì wa ní Peckham.

Ó lé ní ọdún kan tí ọkọ mi fi ń se oúnjẹ fún àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ní ilẹ̀ yìnyín ìsàlẹ̀ ayé, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ tí kì í yọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àtìgbà tó ti dé ni ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ń bá mi jẹ sààrì, ó ń bá mi ṣínu, kí ló wá ń fi ife ṣe lọ́sàn-án? Mo ní ọkùnrin yìí ti sọ ẹ̀sìn nù sínú yìnyín. Nígbà tó tún ń jáde ní gbogbo Túsìdeè láìsọ ibi tó ń lọ, mo ní obìnrin ni. Inú bí mi débi pé mo fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó jẹ ẹ́ láìwí nǹkan kan, òun tó jẹ́ kúùkù! Ìyẹn tún wá burú jù lójú mi.

Ìfura loògùn àgbà. Ní Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, mo fi ìbòrí bojú, mo bá a wọ bọ́ọ̀sì kan náà dé ọsibítù kan ní Lewisham. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà, mo ti mọ̀! Àṣé ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn ń dùn ló ń lọ. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó mú fọ́ọ̀mù wá bá a tó ìyá mi. Ó bi í bóyá ó ń lo oògùn ọ̀sán, ó ní òun ń lò ó. Ó bi í bó ṣe ń sùn, ó mi orí. Ó wá bi í pé ta ni wọ́n jọ ń gbé.

"Kò sí," ni ọkọ mi wí. "Èmi nìkan ni."

Mo dìde. "Daddy, èmi ńkọ́?"

Ó wẹ̀yìn, ó bú sẹ́kún.

Dókítà ní òkùnkùn ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àìsùn, àìrìn àti àdáwà lè sọ ọkàn di aláìlágbára, kí wọ́n sì mú ìrẹ̀wẹ̀sì bá èèyàn, kódà tó bá ti padà sílé. Wọ́n ti ní kó má gbààwẹ̀, kó má sì jẹ iyọ̀. Ojú ló ń tì í láti sọ fún mi, ló ṣe ní òun nìkan ló ń gbé, kí wọ́n má baà pè mí. Mo rántí ọbẹ̀ tí mo fi iyọ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò jí i fún sààrì. Lọ́sàn-án, mo gbé omi àti oògùn rẹ̀ wá sí pálọ̀.

"O ò bínú?"

"Mo bínú o. Ẹ mu ún níṣojú mi."