Ìbẹ̀wò Kejì sí Kíláàsì Màmá

“Ẹ wojú mi!”

Bí Màmá ti sọ ọ́ tán, ńṣe ni gbogbo wa tún dorí kodò. Orí àpótí la jókòó sí nínú àgbàlá wa l'Ọ̀kà, òórùn iṣu sísun ń pè wá láti ìdí ààrò, ẹnikẹ́ni nínú wa ò mi. Níbo la ti gbọ́ ọ rí pé kí ọmọ máa wo àgbà lójú kòró? Ó fi orógùn lu etí ìkòkò, ó tún un sọ. A gbójú sókè. Àsìkò yẹn gan-an ni ìyá tó múlé tì wá wọlé wá bu ògúnná.

“Súbúhánà! Kí làwọn ọmọ yìí ṣe tí wọ́n ń wò yín báyìí?”

“Ẹ má lù wọ́n o,” ni Màmá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni Màmá. Ó kàwé kẹ́mísìrì ní yunifásítì, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú lábù ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan n'Íbàdàn kó tó padà wálé. Ilé ìwé gírámà tí mo ti ń kàwé gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, nítorí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ṣọ̀wọ́n ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà. Àmọ́ ìjọba ní ẹni tó bá mọ sáyẹ́ǹsì tí kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, kó lọ gba dípúlómà ẹ̀kọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fi kíláàsì sílẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n là fún irú wọn ni pé kí wọ́n máa kàwé nígbà ọlidé, kí wọ́n máa kọ́ni nígbà táámù, kí tíṣà wọn sì wá wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọlidé bá ti dé, Màmá á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìkàrẹ́, á lọ jókòó ní kíláàsì àwọn olùkọ́ láàárín àwọn ọmọ tó lè bí. Wọn á bá a gbé báàgì, òun náà á ra ẹ̀pà sísè fún wọn.

Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ ò dára rárá. Bó ṣe máa ń kọjú sí ìgò nínú lábù ló ṣe kọjú sí pátákó. Ó ń kọ, ó ń ṣàlàyé, ó ń pa á rẹ́, ẹ̀yìn gèlè rẹ̀ nìkan là ń rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ tíṣà rẹ̀ n'Íkàrẹ́ rọra sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì pé, “Mà, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n pátákó lẹ kọ́, ẹ ò kọ́ àwọn ọmọ. Bó bá tún rí báyìí nígbà tí mo bá padà wá, mi ò ní lè fún yín ní máàkì.”

Inú bí mi. Irú ọmọ àná wo nìyí? Màmá ní kí n fi í sílẹ̀.

“Òótọ́ ló sọ. Mo ti bá ìgò sọ̀rọ̀ títí, kò sí èyí tó dá mi lóhùn rí. Ènìyàn ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀ báyìí. Wọn ò ní gba kíláàsì yẹn lọ́wọ́ mi.”

Bí àgbàlá wa ṣe di kíláàsì nìyẹn. Òfin méjì ló wà níbẹ̀: wojú mi, kí o sì bi mí pé kí ló dé. Ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ wá lára jù. Àbúrò mi gbé e dé ilé kéú, ó bi Áfáà pé kí ló dé. Etí rẹ̀ tí wọ́n fà ló lè ròyìn ìyókù.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni tíṣà náà padà wá, ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Màmá béèrè ìbéèrè. Nítorí àlejò, gbogbo kíláàsì dorí kodò. Mo rí i tí Màmá yíjú sí pátákó bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín wa.

“Ẹ rí bọ̀dá tó wà lẹ́yìn yẹn? Tíṣà mi ni. Ọmọ ilé ìwé lèmi náà, ìdánwò mi ni mò ń ṣe lónìí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n féèlì o.”

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Ọmọkùnrin kan gbójú sókè, ó ní, “Mà, kí ló dé tí ọṣẹ kì í fi í hó nínú omi kànga wa?”

Ojú Màmá tàn. Ó ní kí wọ́n bu omi òjò sínú abọ́ kan, kí wọ́n pọn ti kànga sínú èkejì. A fi ọṣẹ fọwọ́ nínú méjèèjì. Ti òjò ń hó yeeye, ti kànga kàn ń dì pọ̀ bí ògì tó bàjẹ́ ni. Ó ní omi kànga ti gba inú òkúta kọjá, ohun tó kó bọ̀ níbẹ̀ ló ń bá ọṣẹ jà. Ìbéèrè wá ń tú jáde. Aago lù, ẹnikẹ́ni ò dìde, tíṣà gan-an ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó ń fọwọ́.

Nígbà tí òun àti Màmá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tíṣà náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ yege, mà. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí.”

“Dìde, tíṣà mi,” ni Màmá wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń rí tẹni.”

Màmá ò kúrò ní kíláàsì náà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Èmi náà ti dàgbà báyìí, àwọn ọ̀dọ́ tí mo lè bí ló ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà hàn mí ní ọ́fíìsì. Nígbà mìíràn, ìgbéraga á fẹ́ gbé mi dìde lórí àga. Màá wá rántí Màmá tí mo fẹ́ràn, bó ṣe sọ fún odindi kíláàsì pé ọmọ ilé ìwé lòun. Ara mi á rọlẹ̀, màá fa àga mi sún mọ́ ọmọ náà, màá ní, “Ó dáa, kọ́ mi.”