Ìrìn-Àjò Tí Adéníjì Tò fún Ìyá Ẹlẹ́ja

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ọláyíwọlá Adéníjì fi gbé tíì àti ẹyin díndín fún àwọn tó ń wọ fáàsì kíláàsì nínú ọkọ̀ ojú irin, láti Ìddó títí dé Kánò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1953, òun àti Tabitha ìyàwó rẹ̀ kó wá sí ilé oníyàrá mẹ́ta tí wọ́n fi sùúrù kọ́ sí Fọlá Àgórò, ní Ṣómólú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì, onítẹ̀bọmi tí kì í pa ìsìn jẹ. Àwọn aládùúgbò kì í pè é lórúkọ. Bàbá Rélùwéè ni wọ́n ń pè é, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá pè é sí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ọkọ̀ ojú irin, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Á sọ ibi tí igbó kìjikìji ti ń parí tí igi irúgbá ti ń bẹ̀rẹ̀. Á sọ bí ilẹ̀ ṣe ń pọ́n bí osùn lọ́nà Ọ̀fà, àti bí ilé ṣe ń yí padà, láti onípáànù sí oníkoríko, láti oníkoríko sí alámọ̀ tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn tó ń gbọ́ ọ máa ń rò pé kò sí ìlú kan ní gbogbo Nàìjíríà tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Òkìkí ìtàn wọ̀nyí ló gbé Sabina Ikúmápàyí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni Sabina, opó tó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, tó ń gbé létí ọ̀sà ní Bàrígà. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń yan ẹja, tó ń dì í sínú apẹ̀rẹ̀, tó sì ń fi ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ lókè Ọya. Òwò náà gbè é. Ó fi kọ́ ilé méjì sí Abúlé Òkúta, ó sì fi rán ọmọ mẹ́rin níwèé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1955, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó yà sí ọ̀ọ̀dẹ̀ Adéníjì, ó gbé ẹja yíyan mẹ́ta tó fi bébà dì kalẹ̀, ó jókòó, ó sì sọ ohun tó bá wá láìfi bọpo bọyọ̀.

“Bàbá, ẹja mi ti dé Jẹ́bà. Ó ti dé Kánò, ó ti dé Jọ́ọ̀sì. Èmi tí mo yan án kò tíì kọjá Agége rí. Mo fẹ́ lọ wo gbogbo ibẹ̀. Mi ò sì fẹ́ lọ bí ẹrù. Bí àwọn òyìnbó ṣe ń lọ ni mo fẹ́ lọ, kí n sùn lórí bẹ́ẹ̀dì nínú ọkọ̀, kí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá mi níbi tí mo bá jókòó sí, kí n sì dúró níbi tó bá wù mí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.”

Láti ọjọ́ tí Adéníjì ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó tíì wá bẹ̀ ẹ́ ní ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á gbìyànjú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti tẹ́ bébà ńlá kan sórí tábìlì, ó sì ti fa ojú irin gba àárín rẹ̀ bí ejò.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Sabina ń wá. Adéníjì á gbé bébà náà jáde, Tabitha á jókòó tì wọ́n, á máa ṣa ẹ̀wà. Ohun tí Adéníjì fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò rẹ̀ ni pé kò yẹ kí ojú jẹ irú oúnjẹ kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Lẹ́yìn igbó, Jẹ́bà ló kàn, nítorí ẹni tí wọ́n bí sórí omi yẹ kó kọ́kọ́ rí omi mìíràn kí wọ́n tó mú un lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Lẹ́yìn Jẹ́bà, Kánò, níbi tí ọyẹ́ ti ń fi eruku bo oòrùn lójú. Lẹ́yìn Kánò, Sabina á padà sẹ́yìn dé Kàdúná, á yà gba ọ̀nà Jọ́ọ̀sì, níbi tí òkè ti ń gun ara wọn tí òtútù sì ń mú bí ẹni pé kì í ṣe ilẹ̀ kan náà ni. Sabina béèrè pé kí ló dé tí òun kò ní kọ́kọ́ lọ sí Jọ́ọ̀sì. Adéníjì ní ìtura ni a fi ń kẹ́yìn ooru, a kì í fi ooru kẹ́yìn ìtura.

Àbáyọ̀mí, àkọ́bí Sabina, tó ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan lérékùṣù, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó wá bá Adéníjì lọ́jọ́ Sátidé kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun dá ìyá òun lẹ́kun. Ó ní ìyá òun ti dàgbà, kò mọ ẹnì kankan lọ́nà, kò sì gbọ́ Hausa. Adéníjì kò lè fi iṣẹ́ náà pa mọ́. Nígbà tó jíṣẹ́ náà fún Sabina lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin náà ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé kó wá. Iwájú Adéníjì ló ti dá a lóhùn.

“Orí omi tí wọ́n bí bàbá rẹ sí náà ló kú sí. Kò rí ibòmíràn láyé rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ lo fẹ́ kí tèmi náà rí?”

 Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Àbáyọ̀mí mú kóòtù òtútù kan tó nípọn wá fún ìyá rẹ̀, ó ní kó wọ̀ ọ́ wò bóyá á bá a mu.

Báyìí ni ètò ṣe ń lọ títí di ọjọ́ tí Sabina béèrè ìbéèrè tí Adéníjì kò retí. Jẹ́bà ni wọ́n ń sọ. Sabina fẹ́ mọ̀ bóyá omi odò Ọya tutù ju ti ọ̀sà lọ, irú àwọ̀n tí wọ́n ń dà sí i, àti irú òórùn tó ń wá láti ibẹ̀ láàárọ̀.  Adéníjì mọ àkókò tí ọkọ̀ ń gun afárá Jẹ́bà, nítorí ìgbà yẹn ló máa ń kó ife tíì kúrò lórí tábìlì kí wọ́n má baà máa lu ara wọn. Ó mọ bí omi náà ṣe ń tàn láti ojú fèrèsé. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò mọ̀.

Ó fi pẹ́ńsù rẹ̀ lélẹ̀. “Ìyá, mi ò ní purọ́ fún yín. Mi ò tíì fọwọ́ kan omi yẹn rí. Bí ọkọ̀ bá dúró, ilé ìdáná ni mo máa ń wà, tí mo ń fọ abọ́. Ní Kánò, yàrá àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ni mo ń sùn, ọjọ́ kejì a ti yí padà. Gbogbo ohun tí mo ń sọ fún yín, ojú fèrèsé ni mo ti rí i.”

 Ojú ti Adéníjì, pàápàá nítorí Tabitha, ẹni tó ti ń gbọ́ ìtàn yìí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Tabitha ṣa ẹ̀wà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó ní òun ti fura tipẹ́, nítorí nínú gbogbo ìtàn ọkọ òun, kò sí ìgbà kan tó sọ pé ẹsẹ̀ dun òun.

Sabina ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó fa bébà náà sọ́dọ̀. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí a bá débẹ̀ a ó jọ mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ orúkọ yín sí i, ẹ kọ ti ìyàwó yín. Èmi ni mo pè yín, èmi ni màá sanwó.”

Ó ku ibi tí wọn á wọ̀ sí. Fún Jẹ́bà àti Kánò, Adéníjì mọ àwọn tó lè bá wọn wá ilé tó dára. Jọ́ọ̀sì ló rọrùn jù lójú rẹ̀, nítorí ilé àlejò kan wà níbẹ̀ tí àwọn èrò fáàsì kíláàsì máa ń yìn, lórí òkè, tí òdòdó yí i ká. Òyìnbó tó jẹ́ máníjà ibẹ̀ ti jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ Adéníjì láìmọye ìgbà. Nítorí náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí i, ó rán an létí pé òun ni sítúwáàdì rẹ̀ àtijọ́ tó máa ń gbé oúnjẹ fún un nínú ọkọ̀, ó sì béèrè yàrá méjì fún òun àti àwọn tó ń bá òun bọ̀. Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Máníjà kí i dáadáa. Ó ní yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ àlejò ń sùn, wọ́n lè lò ó.

Adéníjì ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó sì tì í sínú Bíbélì rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun méjì kọjá tí kò dárúkọ Jọ́ọ̀sì. Nígbẹ̀yìn, ó mú un lọ fi han Rájí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré ní Bajuláíyé. Rájí nu yíǹkì kúrò lọ́wọ́, ó kà á tán, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò ju ọ̀rọ̀ bébà lọ. Adéníjì mọ̀ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò jiyàn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, Rájí ti tẹ ìwé funfun kan tó le, tí orúkọ wà lókè rẹ̀ ní lẹ́tà búlúù: Ìyáàfin S. Ikúmápàyí, Oníṣòwò Ẹja, Bàrígà. Òun náà ló fi ẹ̀rọ tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lédè òyìnbó. Èsì tó dé lọ́tẹ̀ yìí kí Ìyáàfin pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì ní wọ́n ti fi yàrá méjì tó dára jù, tó kọjú sí òkè, pa mọ́ dè é.

Oṣù Kejìlá ni wọ́n gbéra, àwọn mẹ́ta. Nínú ọkọ̀, Lazarus, ẹni tí Adéníjì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, ló ń gbé oúnjẹ. Ìgbà mẹ́ta ni Adéníjì dìde láti bá a kó abọ́, ìgbà mẹ́ta náà ni Lazarus rọra sọ fún un pé, “Ọ̀gá, ẹ jókòó.” Nígbà kẹrin, Tabitha di etí agbádá rẹ̀ mú, kò sì tú u sílẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi jẹun tán.

Ní Jẹ́bà, Sabina bọ́ bàtà, ó wọ inú odò Ọya dé orúnkún, ó bu omi náà tọ́ wò. Ó ní ó dùn jù fún omi tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Adéníjì náà wọ̀ ọ́. Omi náà tutù. Ní Kánò, wọ́n rìn káàkiri ọjà títí Sabina fi rí apẹ̀rẹ̀ tó mọ ojú rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ti so okùn ẹnu rẹ̀. Kò sọ ẹni tó jẹ́ fún ọkùnrin tó ń tà á. Ó ra ẹyọ kan lára ẹja ara rẹ̀, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó sì sọ fún Tabitha pé ẹja tó bá máa rìn jìnnà tó yìí yẹ kó tún pẹ́ díẹ̀ lórí iná.

Ọ̀sán ni wọ́n dé ilé àlejò Jọ́ọ̀sì. Máníjà fúnra rẹ̀ ló wà nídìí tábìlì àbáwọlé. Ó wo Sabina nínú kóòtù rẹ̀, ó wo Tabitha, ó wá wo Adéníjì, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lórí ìwé tó ń kọ. Ó béèrè bóyá Adéníjì sítúwáàdì kọ́ nìyí. Adéníjì ní òun ni.

“Mo ti fẹ̀yìn tì, sà. Ìyáàfin Ikúmápàyí nìyí, ìyàwó mi sì nìyí. Yàrá tó kọjú sí òkè la wá gbà.”

 Òyìnbó náà tún wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Kò tọrọ àforíjì, kò sì ṣe àfojúdi. Ó mú kọ́kọ́rọ́ méjì, ó sì síwájú wọn lọ sí yàrá. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Adéníjì tó jẹ́wọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ fún Sabina. Sabina ní òun mọ̀, Rájí ti sọ fún òun, ìdí nìyẹn tí òun fi wọ aṣọ òun tó dára jù lọ́jọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síta, wọ́n da kúbùsù bora. Ìkùukùu bo ẹsẹ̀ àwọn òkè, orí wọn nìkan ló yọ. Èéfín ń jáde lẹ́nu Tabitha bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ kó lè máa rí i. Ọmọkùnrin aláṣọ funfun kan gbé tíì wá. Adéníjì gba ife tirẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì mu ún gbígbóná láìdìde.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Sabina bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹja rẹ̀ pẹ́ sí i, ó sì ṣe òwò náà fún ọdún mẹ́fà sí i. Adéníjì kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ìtàn mọ́. Bí wọ́n bá béèrè ọ̀nà Kánò lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó rí ló ń sọ, á sì fi kún un pé ibi báyìí báyìí, òun kò tíì débẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òun àti Tabitha wọ ọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, ìlú tó ti là kọjá láìmọye ìgbà láì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Olúmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jókòó sinmi. Nígbà kejì, Tabitha béèrè iye ibi tó kù lójú ọ̀nà náà tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀ sí. Adéníjì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n. Nígbà tó kà á dé mẹ́tàlá, ìyàwó rẹ̀ ní kó jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ gun eléyìí tán.