Òkúta Orí Ibojì Ọmọ Ọdún Mẹ́rin

Òkúta tí mo ń sọ yìí kò tó ẹyin adìẹ. Àwọ̀ eérú ni, ìlà funfun tín-ín-rín kan yí i ká bí okùn, apá kan rẹ̀ sì tẹ́jú. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ló fi wà lọ́dọ̀ mi, láti Sọ́ńdè kan títí di Sọ́ńdè kejì.

Ìyá Ìjọ wa ló ṣètò ìrìn tó mú un wá. Obìnrin yìí ti lọ sí Jerúsálẹ́mù rí. Láti ìgbà náà ló ti ń kọ JP, ìyẹn arìnrìn-àjò Jerúsálẹ́mù, mọ́ orúkọ rẹ̀, tó sì ń bu omi Jọ́dánì sínú ìgò kéékèèké fún àwọn tó ń wá ọmọ. Ní ọjọ́ kan ó dìde nínú ìsìn, ó ní ẹni tí kò bá lè lọ sí Jerúsálẹ́mù kó má banú jẹ́, àwọn Júù wà ní Atlanta níbí, wọ́n sì ti pẹ́ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan láàrin wa mọ màmá àgbàlagbà kan tó jẹ́ Júù, tó máa ń fi ẹsẹ̀ mú àwọn èèyàn rìn yí àdúgbò tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti gbé rí. Ìyá Ìjọ ní kó jẹ́ Sátidé. Màmá náà ránṣẹ́ padà pé Sátidé ni ọjọ́ ìsinmi òun. A wá fi í sí Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn.

Mo mú ọmọbìnrin mi dání. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, tó bá sì di oṣù kẹjọ, òun nìkan ni yóò máa wa ara rẹ̀ lọ sí yunifásítì tó jìnnà sílé ní wákàtí márùn-ún. Èmi ń wa ọkọ̀ gba títì márosẹ̀ I-20 láràárọ̀ láti Lithonia lọ sí Forest Park, níbi tí mo ti ń yẹ páálí wò ní ilé ìkẹ́rùsí kí wọ́n tó kó wọn wọ ọkọ̀. Mo mọ àwọn ọkọ̀ tó ti fọ́ tí mò ń rí lẹ́bàá títì náà. Ìbẹ̀rù yìí ni mo gbé lọ síbi ìrìn náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ ọ́n.

Èèyàn mẹ́rìnlá ni wá. Màmá náà kéré, ó dé fìlà oòrùn, ó wọ bàtà rọ́bà, ó mú ọ̀pá dání. Ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, tí kò sí ilé kankan níbẹ̀, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó na ọ̀pá sí abẹ́ afárá títì ńlá, ó ní ibẹ̀ gan-an ni ṣọ́ọ̀bù bàbá bàbá òun wà, tó ti ń ta ẹja oníyọ̀ àti ìṣó, kí wọ́n tó wó gbogbo àdúgbò náà nígbà tí wọ́n ń la títì. A ń wo afárá, mọ́tò ń sáré kọjá lórí wa.

Ìyá Ìjọ bi í léèrè pé, "Màmá, nínú ẹ̀yà méjìlá, èwo ni tiyín?"

Ó ní, "Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Mo ti fẹ̀yìntì."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tẹrí ba níwájú rẹ̀ kó lè gbé ọwọ́ lé e. Màmá náà wo orí náà díẹ̀, ó ní gèlè náà dára púpọ̀.

Itẹ́ òkú àtijọ́ àwọn Júù ni a parí ìrìn sí. Ní ẹnu ọ̀nà, màmá dúró, ó ṣàlàyé pé a óò rí òkúta kéékèèké lórí àwọn ibojì. Ẹni tó bá wá kí òkú ló ń fi í sílẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ẹnìkan ti wá. Òdòdó a máa rọ, òkúta kì í rọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n." Ìyá Ìjọ ti gbé fóònù sókè ní tirẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ pé, "Ẹ̀yin ará, a ti dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ìgbàgbọ́." Kò gbọ́ nǹkan kan. Èmi gbọ́. Ọmọ mi gbọ́.

Ohun tí mo rí lẹ́yìn náà ṣì ń kó mi nírìíra. Obìnrin kan jókòó lórí ibojì, ó bọ́ bàtà, ó ń fi ọwọ́ ra àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Òmíràn ń jẹ mítípáì, èérún rẹ̀ ń já bọ́ sórí orúkọ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta. Ẹ̀kẹta ṣí ìgò òróró ólífì, ó ta á sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan náà pa ojú. Ìyá Ìjọ sì ń lọ láti ibojì dé ibojì, ó ń ṣa àwọn òkúta náà bí ẹni tó ń ṣa tòmátì, ó ń jù wọ́n sínú báàgì. Nígbà tó dé ibojì kékeré kan, ó mú ẹyọ kan ṣoṣo tó wà lórí rẹ̀, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Ìyá ọmọ, fi èyí sínú ọkọ̀ ọmọ rẹ. Táyà ò ní bẹ́, mọ́tò ò ní gbá a."

Mo pa ọwọ́ dé. N kò ní í parọ́ ìyẹn. Mo ti gbọ́ ohun tí màmá sọ ní ẹnu ọ̀nà, mo sì pa ọwọ́ dé. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọ mi dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí mi, ó ń wò mí.

Ibojì kékeré náà ni màmá fi kádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní àbúrò òun ló wà níbẹ̀. Ibà ló pa á, ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ìyá wọn máa ń mú òun wá lóṣooṣù láti fi òkúta kan síbẹ̀. Nígbà tí ìyá kú, òun ń bá a lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo orí ibojì. Ó fi ọ̀pá ya koríko ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó ní, "Wẹ́sìdé ni mo fi í síbí. Bóyá ọ̀kẹ́rẹ́ ló gbé e lọ."

Ìyá Ìjọ, tó ń wo fóònù, ní, "Àmín."

Òkúta náà wà nínú àpò mi. Ó ti móoru nítorí ara mi. Mo fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí a ń lọ sílé, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ọmọ mi jókòó sí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo fi òkúta sínú àpótí kékeré iwájú ọkọ̀ rẹ̀, lábẹ́ ìwé ọkọ̀. Ní ọ̀sán Mọ́ńdè ló wá bá mi ní ilé ìdáná. Ó gbé e sórí tábìlì. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń sọ sí mi. Bí kò bá fẹ́ kí n ṣe bí ẹni pé kò yé mi ni í sọ Yorùbá, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ ń ṣì.

"Mọ́mì, kí lèyí?"

"Òkúta ni."

"Mo mọ̀ pé òkúta ni. Ta ló ni ín?"

"Ìyá Ìjọ ló fún mi."

"Mi ò béèrè ẹni tó fún yín. Ta ló ni ín?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí nu tábìlì.

Ó ní, "Ọmọ yẹn ò tíì dàgbà tó láti gun kẹ̀kẹ́. Ẹ wá ní kó máa ṣọ́ mi lórí I-20?"

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé òkúta náà lórí. Ó ní òun kò ní wọ ọkọ̀ náà mọ́, òun kò sì ní bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, àfi tí òkúta yẹn bá padà, tí mo sì fi ẹnu ara mi sọ fún màmá náà. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó tó dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró, yóò fi ogún ìṣẹ́jú rìn lẹ́bàá títì tí kò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Mo wọn àkókò rẹ̀. Lọ́jọ́ méjì tí mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọkọ̀, ó ń wo iwájú, kò bojú wẹ̀yìn.

Ní Wẹ́sìdé mo gba nọ́ńbà màmá lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo pè é, mo sọ ọ́. Ó dáhùn pé,

"O ṣeun tí o sọ fún mi. Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Àwọn yòókù wo, Mà?"

"Mo lọ síbẹ̀ lánàá. Pẹ̀lú tìrẹ, mọ́kànlá ni kò sí níbẹ̀."

Ilé Ìyá Ìjọ ni mo lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti kó àwọn òkúta náà sínú abọ́ ọbẹ̀ tó kún fún òróró ólífì. Ó ní òun ti pín díẹ̀ nínú wọn.

Ó ní, "Ṣé ìbùkún lo fẹ́ gbà padà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni?"

"Òkúta àwọn olókùú ni, Mà."

"Júù ni wọ́n. Tiwọn ni tiwa."

"Tí Júù kan bá lọ sí ibojì màmá yín, tó gbé òdòdó tí ẹ fi síbẹ̀ lọ ńkọ́?"

"Má fi màmá mi ṣàpẹẹrẹ."

"Ẹ má bínú, Mà. JP ni yín, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

Ìyá Ìjọ fa abọ́ náà sún mọ́ra. Ó da márùn-ún sínú ọ̀rá, ó ní kí n máa lọ. Irun orí àti fọ́nrán aṣọ láti inú báàgì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ wọn. Mo gba mẹ́ta mìíràn kiri: ọ̀kan lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ ìkókó, ọ̀kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan nínú fírísà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran, bí ẹni pé nǹkan òkú kò lè ba ẹran jẹ́. Ọ̀kan ti bá ẹnìkan lọ sí Nàìjíríà. Obìnrin tó gba èyí tó kẹ́yìn ní nígbà tí òun gbọ́ pé orí ibojì ló ti wá, ẹ̀rù ba òun, òun jù ú sínú ìdọ̀tí. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kò sì tì í lójú. Mo fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ àwọn mẹ́jọ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Òróró náà kò kúrò. Òórùn ìríra rẹ̀ wà nínú ilé ìdáná mi títí di Sátidé.

Ní Sọ́ńdè, mo fi ọ̀rá náà han ọmọ mi. Ó kà wọ́n, ó mú kọ́kọ́rọ́, òun ló wa ọkọ̀. Òkúta onílà funfun wà lọ́wọ́ mi lọ́tọ̀.

Màmá ti dé ibojì náà ṣíwájú wa. Ó ti fi òkúta mìíràn sórí ti àbúrò rẹ̀. Mo gbé tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, apá tó tẹ́jú sísàlẹ̀. Mo tọrọ gáfárà. Ó mi orí pé òun gbọ́. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀kan nínú ọ̀rá, ó gbé e sí imú.

"Kí lèyí?"

"Òróró ni, Mà. Wọ́n fi gbàdúrà."

Imú rẹ̀ ká. Ó nu ìka rẹ̀ sí ara síkẹ́ẹ̀tì, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ojú yẹn. Òun ni mo ti ń fi wo àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi láti ọjọ́ mẹ́jọ, kò sì tíì ṣẹlẹ̀ sí mi rí kí ẹnìkan fi í wo èmi. Ó dá òkúta náà padà sínú ọ̀rá, ó so ẹnu rẹ̀.

Ó ní, "N kò mọ ti ta ni ti ta ni. N kò lè máa pín wọn fún òkú." Ó ní kí ọmọ mi gbé wọn sí ẹsẹ̀ ògiri, kó wá bá òun ṣa mẹ́wàá tuntun lójú ọ̀nà. Kò ní kí èmi ṣa. Mo bá wọn mú ọ̀pá màmá dání, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń dìde.

Nígbà tí a padà wọ ọkọ̀, ọmọ mi wò mí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ de bẹ́líìtì yín." Mo dè é. Kò sí nǹkan kan nínú àpótí iwájú ọkọ̀ mọ́ ju ìwé lọ. A bọ́ sórí I-20, tírélà kan ń bọ̀ lápá ọ̀tún wa, mo fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú, òróró náà sì ń rùn lọ́wọ́ mi títí a fi dé Lithonia.