Súfèé Ìyá Àgbà

Bí mo bá gbọ́ ìró atẹ tí ẹnì kan fi ń fẹ́ ọkà bàbà, ńṣe ni mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́, bí ẹni pé ẹyẹ fẹ́ bà lé mi lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ìlú wa, Atakpamé, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, fẹ́ ọkà tán lẹ́yìnkùlé. Wọ́n da ẹ̀kúnwọ́ kan sí ìdí ilá, wọ́n sì súfèé: kúkúrú méjì, gígùn kan. Ẹnu yà mí, torí obìnrin kì í súfèé nílé wa. Kíá ni àwọn àdàbà sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi máńgòrò. Lóko wa l'Ágbonou, iṣẹ́ mi ni kí n máa lé ẹyẹ lórí ọkà, ni mo bá pàtẹ́wọ́, mo kígbe. Gbogbo wọn fò lọ.

Ìfọ́tí ni mo ń retí. Ọkà ni Ìyá Àgbà bù sí mi lọ́wọ́.

"Oko la ti ń lé wọn, ọmọ mi. Ẹni tó bá wá kí wa nílé, a kì í lé e. Jókòó, má mira."

Wọ́n tún súfèé. Eèrà ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, mi ò mira. Àdàbà kan wò mí títí, ó sì bà lé àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé súfèé yẹn ni àbúrò bàbá mi fi ń kí ìyá rẹ̀ bó bá ń toko bọ̀, kí ìjọba òyìnbó tó fipá mú un lọ síbi iṣẹ́ ojú irin, tí kò dé mọ́.

"Wò ó," Ìyá Àgbà rọra wí sí mi létí lọ́sàn-án ọjọ́ àdàbà yẹn, "ó padà wá."