Kíjìpá Méje Lábẹ́ Orúnkún Mi

Bàtà ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan ti bàjẹ́ lára mi. Ọjọ́ Ìsinmi ni. Mo ti wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ti rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn kí Eyínfúnjowó tó pariwo lẹ́yìn mi pé, "Ìyàwó, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ dà?" Mo wolẹ̀. Bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ìkejì ti bọ́ sọ́nà, ẹsẹ̀ mi ò sì mọ̀. Mo ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta wẹ́wẹ́ láti ẹ̀bá ọjà títí débẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ òwú.

A rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn bá wa wí. Àbúrò ọkọ mi ni Eyínfúnjowó. Èmi ni mo sọ ọ́ ní orúkọ yẹn, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ó ní oúnjẹ tí mo gbé kaná nílé ló gba ọkàn mi, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ìgbakọ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó ro ọbẹ̀ tán. Orí tó ti ń fọ́ mi díẹ̀díẹ̀ wá ń fọ́ mi gidi. Ọkọ mi, tó jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé ìjọ wa ní Ìlá, dé láti ibi iṣẹ́. Ọdún tí ilé ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, àwọn ọmọ sì kún kíláàsì rẹ̀ dé ojú fèrèsé, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó wo ojú mi, ó sì gbé àpò ìwé rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ẹnu mi ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó bi mí bóyá mo ṣubú. Mo ní rárá. Òótọ́ ni mo sọ, n kò ṣubú. Igi ló ṣubú lù mí. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ìjì òjò já igi àjà ilé ìdáná wa, igi náà sì bà mí ní àtàrí. Mo jókòó, ojú mi ṣú díẹ̀, mo fi òrí pa ibẹ̀, mo sì padà sídìí ìkòkò mi. Kò ṣẹ̀jẹ̀, kò sì wú púpọ̀, nítorí náà n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹni tó ń ka èyí, òun ni pé kí ẹni tí nǹkan bá bà lórí má ṣe dákẹ́ torí pé kò rí ẹ̀jẹ̀. Inú ni ẹ̀jẹ̀ tèmi wà.

Wọ́n fi lọ́rì gbé mi dé Òṣogbo, a sì wọ rélùwéè láti ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Yèyé, ìyá ọkọ mi, bá wa lọ. Ní ilé ìwòsàn, orí bẹ́ńṣì gígùn kan la jókòó lé láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Bí wọ́n bá ti pe ẹni iwájú, gbogbo wa á sún díẹ̀. Itọ́ ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi, n kò sì lè dá a dúró. Yèyé ń fi etí aṣọ wọn nù ún láìwo ojú mi, kí ojú má baà tì mí.

Dókítà ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan ló já lábẹ́ agbárí mi lọ́jọ́ tí igi bà mí. Láti ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ ti ń kán sáàárín egungun àti ọpọlọ, tó sì ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀ lápá òsì. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìyẹn yà mí lẹ́nu ju àìsàn náà lọ. Wọ́n fá irun mi, wọ́n lu ihò kékeré méjì sí agbárí mi, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ dúdú náà jáde. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀fọ́rí lọ, ẹnu mi sì padà sáyè rẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni kò padà.

A padà sí Ìlá, ìfẹ́ sì fẹ́ẹ̀ pa mí níbẹ̀. Ìrora bẹ̀rẹ̀ ní èjìká ọ̀tún, ó gba ìbàdí, ó sì fìdí kalẹ̀ sí orúnkún. Nígbà mìíràn á dà bí ìgbà tí wọ́n da omi gbígbóná sí mi lára. Nígbà mìíràn aṣọ lásán tó bá fara kàn mí á máa jó mi bí ewé èsìsì. Nígbà tí Yèyé rí i pé mo ń ké bí mo bá mira, wọ́n ní kí n má mira mọ́. Wọ́n ń wẹ̀ mí, wọ́n ń wé gèlè fún mi, wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí mi lẹ́nu. Gbogbo agbo ilé ń yìn wọ́n pé wọ́n mọ ìyàwó tọ́jú. Ẹ̀rùn wọlé, igunpá mi ká, kò nà mọ́. N kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo sì ti gbà nínú ọkàn mi pé n kò ní dá dìde nílẹ̀ mọ́ láé.

Nígbà tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì kan tí kì í rẹ́rìn-ín gbé ọwọ́ mi wò, ó sì kọjú sí Yèyé.

"Màmá, ta ló ń wọṣọ fún un?"

"Èmi ni, ọmọ mi."

"Ta ló ń fún un lóúnjẹ?"

"Èmi náà ni."

"Ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ ni, àbí ọmọ ọwọ́?"

Nọ́ọ̀sì náà wá fara balẹ̀. Ó ní ọpọlọ tó fara pa lè tún iṣẹ́ rẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ ló ti ń kọ́ ọ. Ẹ̀yà ara tí a kò bá lò, ọpọlọ á gbàgbé rẹ̀. Ó ní ọgbẹ́ mi ti jinná, àti pé ìrora tó kù kì í ṣe àmì pé nǹkan tún ń bàjẹ́ nínú. Ó fi í wé ajá tó rí olè lẹ́ẹ̀kan, tó wá ń gbó ewé tó bá jábọ́. A kì í torí gbígbó ajá sá kúrò nílé. Díẹ̀díẹ̀ là ń jẹ́ kó mọ̀ pé olè ti lọ.

A padà sí Ìlá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ìwẹ̀ kò wá. Yèyé ló wá, tàwọn ti àpótí ìjókòó, wọ́n sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Ìyàwó, ìgbà wo lo kúnlẹ̀ kí mi gbẹ̀yìn?"

Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. "Yèyé, ẹ mọ̀ pé orúnkún mi ò ká."

"N kò bi ọ́ nípa orúnkún. Ìkíni mi ni mo ń bèèrè."

Wọ́n kó kíjìpá méje jáde, aṣọ nínípọn tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun nígbà tí ojú wọn ṣì ríran dáadáa. Wọ́n ká wọn, wọ́n to wọn léra níwájú mi. Mo di ibùsùn mú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí orúnkún mi fi kan ti òkè. Mo ké. Wọ́n dúró kí n ké tán, wọ́n sì ní kí n kí wọn. Tẹkúntẹkún ni mo fi ní, "Ẹ káàárọ̀, Yèyé." Wọ́n ní, "O káre," wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n lọ.

Mo kórìíra wọn. Mo ń sọ ọ́ báyìí kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn má baà rò pé òun ṣẹ̀ nígbà tó bá rí irú ojú tí mo fi wo Yèyé. Àwọn obìnrin agbo ilé tó ń yìn wọ́n tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọ́n ń fi abirùn jẹ ayé ìyá ọkọ. Ọkọ mi náà lọ bẹ̀ wọ́n. Mo gbọ́ èsì wọn láti inú yàrá: "Tíṣà, àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ níwèé, ṣé ìwọ lo máa ń bá wọn kọ ọ́?"

Bí mo bá ti kúnlẹ̀ láìké fún ọjọ́ mélòó kan, Yèyé á yọ kíjìpá kan kúrò. Nígbà tó ku mẹ́rin, mo fi ìwàǹwára ṣe é, orúnkún mi sì wú. Yèyé dá kíjìpá kan padà láìbínú. Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, pé bóyá imú tèmi ló gùn jù. N kò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Láàárín ìgbà yẹn ni mo kọ́ láti mọ ìrora yàtọ̀ síra. Èyí tó bá rọlẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ajá ló ń gbó. Èyí tó bá mú wíwú wá, tó sì pọ̀ sí i lọ́jọ́ kejì, ìkìlọ̀ ni, ó yẹ kí n sinmi. Mo tún ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun. Àyà mi ló ń jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀kọ náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò bá mi gbé e.

Eyínfúnjowó ló tú àṣírí fún mi. Ó ní láràárọ̀, bí Yèyé bá ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n ń lọ jókòó sí, wọ́n á sunkún, wọ́n á sì bọ́jú kí n tó jáde. Láti ọjọ́ náà, n kò ké mọ́ bó bá ṣeé pa mọ́ra.

Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Yèyé yọ kíjìpá ìkẹyìn. Orúnkún mi kan ilẹ̀ lásán, ilẹ̀ náà tutù. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Yèyé. Ṣé dáadáa lẹ jí?" Mo gbójú sókè, mo sì rí i pé omi ti kún ojú wọn.

"Dìde," ni wọ́n wí.

Mo dìde. N kò di ibùsùn mú, n kò di ẹnikẹ́ni mú.

"Ó tó, ọmọ mi. Láti òní lọ, òòró ni kí o máa dúró kí mi. Mo yọ̀ǹda fún ọ títí ayé. Ṣé o rò pé ìkíni ni mo ń wá ni?"

Ó ti pẹ́ báyìí. Ìrora náà kò lọ tán. Bí ọyẹ́ bá dé, èjìká mi á rántí mi. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ mi kí n tó jáde nílé, kí n lè mọ̀ bóyá bàtà mi pé méjì. N kò bínú sí ara mi mọ́. Ó ti gbàgbé ohun púpọ̀, ó sì ti gbà láti tún un kọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì tí kì í rẹ́rìn-ín. Ti Yèyé ni n kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìyọ̀ǹda náà, mo tọ̀ wọ́n lọ ní yàrá wọn, mo sì kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní ṣebí àwọn ti yọ̀ǹda fún mi. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ yọ̀ǹda, Yèyé. Èmi ò tíì gbà." Láràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ kí wọn títí wọ́n fi fi ayé sílẹ̀, orúnkún náà sì ń dùn mí láràárọ̀.