Fíríìjì Ìyá Bàbá Mi

“Ta ló rán ọ?” Ọ̀rọ̀ yìí ni ìyá bàbá mi, tí à ń pè ní Màmá, tí a sì jọ ń gbé ní Òkè-Ìlá, fi máa ń dá ìbéèrè lóhùn. Bí àlejò bá ń sọ̀rọ̀, bàtà rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò, kì í ṣe ojú rẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wá sílé wa. Ó ní àwọn tó ń fi òṣì orílẹ̀-èdè kan wé ti òmíràn ló rán òun, àti pé ìdílé tí wọ́n bá kà mọ́ tálákà lè rí ìrànwọ́ gbà. Òrùlé Màmá ń jò.

“Màmá, ṣé ẹ ní fíríìjì?”

“Bí mo bá ní i ńkọ́?”

Wọ́n ṣí i fún un. Nítorí pé iná kì í dúró, èlùbọ́ ló kún inú rẹ̀, kí eku má baà débẹ̀.

“Àwọn ará òkè òkun tí o fẹ́ fi mí wé, ṣé èlùbọ́ ló wà nínú tiwọn náà?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Kò sí àyè ìyẹn nínú fóònù mi, Màmá. ‘Ó wà’ tàbí ‘kò sí’ nìkan ni.”

Ó tẹ ‘ó wà’. Ìrànwọ́ kankan kò dé: ẹni tó bá ní fíríìjì kì í ṣe tálákà lójú wọn.

Ní táàmù tó kọjá, olùkọ́ ọrọ̀-ajé wa ní kí a wádìí ohun tí ìdílé wa ní. Mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀: “Màmá, fíríìjì yẹn…”

Wọ́n wo bàtà ilé-ìwé mi. Wọ́n fa àga wọn, wọ́n sì jókòó ti ilẹ̀kùn fíríìjì náà.

“Ìwọ náà, ta ló rán ọ?”